Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Tó Dín: Bí Ènìyàn Ṣe Kọ́ Láti Ka Ohun Tí Ojú Kò Rí



Púpọ̀ nínú yín ti gbin òwú rí, tàbí kí ẹ ti bá ẹni tó gbìn ín dé ibi ìwọ̀n. Ẹ mọ bí ọkàn ṣe máa ń rí nígbà tí wọ́n bá gbé ẹrù yín sórí òṣùwọ̀n. Ẹni tí kò mọ nọ́ńbà kà, ohun tí wọ́n bá sọ fún un ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n kà yóò fi ojú ara rẹ̀ wo abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n náà. Bí kìlò méjì péré bá dín, yóò béèrè pé: "Níbo ló lọ?"

Ìtàn ìwọ̀n ni ìtàn tí a fẹ́ sọ fún yín yìí. Àmọ́ ohun tí wọ́n wọ̀n nínú rẹ̀ kéré débi pé ojú kò lè rí i, ọwọ́ kò sì lè dì í mú. Síbẹ̀, nígbà tí díẹ̀ dín nínú rẹ̀, àwọn tó ń wọ̀n ọ́n mọ̀. Àwọn náà béèrè pé: "Níbo ló lọ?"

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ỌDÚN 1972

Ní orílẹ̀-èdè Gabon, ní apá ìlà-oòrùn gúúsù, nítòsí ìlú Franceville, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Oklo. Nígbà náà, wọ́n ń wa òkúta níbẹ̀, òkúta tí irin kan tí ń jẹ́ yuréníọ̀mù wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ń kó yuréníọ̀mù náà lọ.

Ní ọdún 1972, àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Pierrelatte, ní ilẹ̀ Faransé, ń wọn yuréníọ̀mù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wọn. Oríṣi yuréníọ̀mù kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 235. Àwọn òṣìṣẹ́ náà mọ̀ pé níbi gbogbo láyé, bí a bá ka átọ̀mù yuréníọ̀mù mílíọ̀nù kan, 7202 nínú wọn ni yóò jẹ́ oríṣi yìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, 7171 ni wọ́n rí. Wọ́n tún un wọ̀n. Kò yí padà. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n dín.

Ẹ lè sọ pé: "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú mílíọ̀nù kan! Kí ni ìyẹn jẹ́?" Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun tí adìẹ ń gbé mì. Yuréníọ̀mù 235 yìí ni wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Òun náà ni wọ́n fi ṣe bọ́ǹbù tí Amẹ́ríkà jù sí ìlú Hiroshima ní ilẹ̀ Japan ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1945. Nítorí náà, bí ènìyàn ṣe ń ka owó ni wọ́n ṣe ń kà á. Bí díẹ̀ bá sọnù, ìbéèrè ńlá ni. Ta ló mú un? Ibo ló gbé e lọ?

Àwọn òṣìṣẹ́ náà tọ ipasẹ̀ ẹrù wọn padà, láti ilé-iṣẹ́ kan dé èkejì, títí wọ́n fi dé Oklo fúnra rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá le sí i. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Wọ́n rí òkúta tí iye 235 inú rẹ̀ kò tó 5000 nínú mílíọ̀nù kan. Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀, nǹkan bí 200 kìlò ni 235 tó dín.

Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ ná. Kí a tó mọ ẹni tó mú un, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: báwo ni ènìyàn ṣe ń ka átọ̀mù?

ỌMỌ ÌYÁ MÉJÌ

Gbogbo ohun tó wà láyé, òkúta, omi, iyọ̀, ara ènìyàn, ohun kéékèèké ni a fi ṣe wọ́n. Orúkọ wọn ni átọ̀mù. Nínú hóró iyọ̀ kan ṣoṣo, iye átọ̀mù tó wà níbẹ̀ ju iye gbogbo ènìyàn ayé lọ.

Átọ̀mù yuréníọ̀mù tó wà nínú ilẹ̀ pín sí ẹ̀yà méjì pàtàkì. Ọ̀kan ni 238. Òun ló pọ̀ jù. Èkejì ni 235. Òun ló ṣọ̀wọ́n. Wọ́n dà bí ọmọ ìyá kan náà. Àwọ̀ wọn kò yàtọ̀. Bí iná ṣe ń ṣe ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe èkejì. Ìwúwo ló yà wọ́n: 235 fúyẹ́ díẹ̀ ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n yàtọ̀ lè wọ̀n wọ́n.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ọmọ méjì ń sáré bọ̀ láti odò. Ọ̀kan ru garawa omi tó kún. Èkejì ru èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti yà, ẹni tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ yà kíákíá. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ wúwo ní láti gba ẹ̀yìn jìnnà kí ó tó yà tán. Bí ẹ bá dúró sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ẹ ó rí i pé ibi tí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì gbà kò dọ́gba.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ tí ń wọn átọ̀mù ṣe ń ṣe é. Ó ń mú kí àwọn átọ̀mù sáré. Òòfà ńlá kan ló ń mú kí wọ́n yà. Èyí tó fúyẹ́ yóò gba inú, èyí tó wúwo yóò gba ẹ̀yìn. Ní ìparí ọ̀nà, ẹ̀rọ yóò ka iye tó dé ibì kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà. Átọ̀mù lásán kì í gbọ́ ti òòfà. Yóò kọjá bí ẹni pé òòfà kò sí níbẹ̀. Ohun kéékèèké kan yí átọ̀mù ká tí a ń pè ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. A ní láti já ọ̀kan gbà lára rẹ̀. Nígbà náà ni iná mànàmáná yóò wà lára átọ̀mù náà, tí òòfà yóò sì lè yà á. Átọ̀mù tó bá rí báyìí ni a ń pè ní áyọ́nù. Ibi tí átọ̀mù ti ń di áyọ́nù, ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ náà, ni a ń pè ní orísun.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn: orísun. Bí ẹ bá ń da epo pupa láti inú agbada sínú ìgò, tí ẹ kò lo àrọ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò dà sílẹ̀. Orísun dà bí àrọ yẹn. Átọ̀mù tí kò bá di áyọ́nù níbẹ̀, ó ti dà sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ kò ní kà á. Bí epo bá pọ̀, ẹ lè fara mọ́ èyí tó dànù. Àmọ́ bí ó bá ṣe ṣíbí kan péré ló kù láyé ńkọ́?

ÀWỌN TÓ KỌ́KỌ́ ṢE É

Ní ọdún 1918, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Arthur Dempster, ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ kan tó ń wọn átọ̀mù. Ní ọdún 1919, Francis Aston ṣe tirẹ̀ ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aston fi ẹ̀rọ rẹ̀ hàn pé ọ̀pọ̀ nǹkan láyé ló ní ju ẹ̀yà átọ̀mù kan lọ. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1922.

Ní ọdún 1931, Aston wọn yuréníọ̀mù. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ló rí: 238. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò parọ́. Ṣùgbọ́n 235 wà níbẹ̀, nínú ohun tó ń wọ̀n gan-an. Ó kéré púpọ̀, kò sì hàn sí i.

Ní ọdún 1935, Dempster gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Kò lo irú orísun tí Aston lò. Ó jẹ́ kí iná mànàmáná máa ṣẹ́ pàrà láàárín irin méjì, bí ìgbà tí mànàmáná bá kọ lójú ọ̀run. Iná náà gbóná débi pé ó ń fọ́ irin sí átọ̀mù, ó sì ń sọ wọ́n di áyọ́nù. Nígbà tí ó fi yuréníọ̀mù síbẹ̀, 235 hàn. Òun ni ènìyàn àkọ́kọ́ tó rí i.

Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ti rí? Yuréníọ̀mù kò yí padà láàárín 1931 àti 1935. Orísun ló yí padà.

Lẹ́yìn èyí ni Alfred Nier dé, ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà. Ó ń sun iyọ̀ yuréníọ̀mù títí yóò fi di èéfín, yóò sì máa rọ̀jò ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lu èéfín náà kí àwọn átọ̀mù rẹ̀ lè di áyọ́nù. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 1940, ó ya 235 díẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára 238. Ohun tó rí gbà kò tó nǹkan rárá. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí lẹ́tà kan, ó sì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí John Dunning ní Yunifásítì Columbia, ní New York. Ìwọ̀nba kékeré yẹn ni Dunning àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi mọ̀ pé 235 ni èyí tí átọ̀mù rẹ̀ rọrùn láti là sí méjì, tí agbára ńlá sì ń ti inú rẹ̀ jáde. Láti ọjọ́ náà ni ìjọba ayé ti ń ṣọ́ 235.

BÍ ÀRỌ ṢE Ń DÁRA SÍ I

Ọ̀nà mìíràn tún wà láti ṣe áyọ́nù. A ó ki okùn irin tín-ín-rín kan, a ó kán omi tí yuréníọ̀mù wà nínú rẹ̀ sí i lórí, a ó jẹ́ kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà, a ó fi iná mànàmáná mú irin náà gbóná títí yóò fi pọ́n yòò. Bí átọ̀mù bá ń fò kúrò lórí irin gbígbóná náà, irin lè já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn átọ̀mù kan jẹ́ ọ̀làwọ́. Wọn kì í pẹ́ fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n yuréníọ̀mù jẹ́ ahun. Bí ẹ bá fi 1000 átọ̀mù rẹ̀ sórí okùn irin kan, èyí tí yóò di áyọ́nù nínú wọn kì í sábà ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Gbogbo ìyókù á ṣòfò. Nǹkan méjì ló fà á. Àkọ́kọ́, bí iná bá pọ̀ jù, átọ̀mù á ti fò lọ kí irin tó rí nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí iná bá sì kéré jù, irin kò ní agbára láti gbà á. Èkejì, yuréníọ̀mù fẹ́ràn láti lẹ̀ mọ́ ọ́síjìn, èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, wọn á jọ fò lọ ni.

Ní ọdún 1953, Mark Inghram àti William Chupka ní Chicago wá ojútùú sí ìṣòro àkọ́kọ́. Wọ́n lo okùn irin mẹ́ta dípò ọ̀kan. Orí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń fi nǹkan sí, iná rẹ̀ kì í pọ̀ jù, kí átọ̀mù lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Èyí tó wà láàárín ni wọ́n ń jẹ́ kí ó gbóná gan-an, kí ó lè já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń din gàrí mọ ọgbọ́n yìí: iná tí a fi ń se ọbẹ̀ kọ́ ni a fi ń din gàrí.

Ní àárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn onímọ̀ ní Oak Ridge, ní Amẹ́ríkà, kojú ìṣòro kejì. Wọ́n lo hóró kékeré kan tí a fi ohun tó jọ oje igi ṣe, tó kéré bí hóró iyanrìn. Wọ́n sọ ọ́ sínú omi tí yuréníọ̀mù wà. Yuréníọ̀mù lẹ̀ mọ́ hóró náà. Wọ́n wá gbé hóró náà sórí okùn irin, wọ́n dáná sí i, ó sì di èédú. Èédú fẹ́ràn ọ́síjìn ju bí yuréníọ̀mù ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Ó gba ọ́síjìn náà, ó sì fi yuréníọ̀mù sílẹ̀ lóun nìkan. Báyìí ni púpọ̀ sí i ṣe ń di áyọ́nù.

Àwọn mìíràn tún ronú pé: bí átọ̀mù bá fọwọ́ kan irin gbígbóná lẹ́ẹ̀kan péré kí ó tó fò lọ, ó lè mú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sínú ihò kékeré kan nínú irin gbígbóná, ara ògiri ni yóò máa gbá lọ gbá bọ̀ kí ó tó rí ẹnu ọ̀nà. Ahun tó bá kọjá níwájú ìsọ̀ kan lè má ra nǹkan. Bí ó bá kọjá níwájú ogún ìsọ̀, owó rẹ̀ yóò bọ́ sílẹ̀. Ọgbọ́n yìí gbéṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ní Savannah River, ní ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà, tún ti ń fi irin tó ní ihò wínníwínní, tó dà bí kànìnkànìn, ṣe orísun. Iṣẹ́ náà kò tíì parí.

TA LÓ MÚ UN NÍ OKLO?

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sí Gabon.

Àwọn onímọ̀ kó òkúta Oklo lọ sórí ẹ̀rọ ìwọ̀n. Wọn kò wọn yuréníọ̀mù nìkan. Wọ́n tún wọn àwọn nǹkan mìíràn tó wà nínú òkúta náà, títí kan irin kan tí ń jẹ́ neodymium. Neodymium náà ní ẹ̀yà púpọ̀. Bí iye àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ṣe rí níbi gbogbo láyé kọ́ ni ó ṣe rí ní Oklo. Ó jọ èyí tó máa ń ṣẹ́ kù nínú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la átọ̀mù yuréníọ̀mù láti fi ṣe iná mànàmáná. Ó dà bí ẹni tó rí eérú nínú igbó, tó sì mọ̀ pé iná ti jó níbẹ̀ rí.

Ẹnikẹ́ni kò jí nǹkan kan. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ti jó o.

Ó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí bílíọ̀nù méjì ọdún sẹ́yìn, kí ènìyàn tàbí ẹranko tó wà láyé. Nígbà náà, 235 pọ̀ nínú yuréníọ̀mù ju ti òní lọ, nítorí pé ó máa ń tètè run ju 238 lọ. Ó tó nǹkan bí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Omi wọ inú òkúta náà, ó sì jẹ́ kí átọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í là. Òkúta gbóná. Omi hó, ó sì gbẹ. Iná rọlẹ̀. Nígbà tí ó tutù, omi tún padà wọlé, iná tún bẹ̀rẹ̀. Báyìí ló ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ọdún. Onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Paul Kuroda ti sọ ní ọdún 1956 pé irú nǹkan báyìí lè ṣẹlẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó tíì rí i. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1972, ilẹ̀ Faransé kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ní ọdún 1975, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ sí Libreville, olú ìlú Gabon, nítorí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Áfíríkà wa ni wọ́n ti rí i, mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó dín ló sì fi ọ̀nà hàn wọ́n.

ASỌ ÒWÚ ÀTI ẸJỌ́ ORÍLẸ̀-ÈDÈ

Iṣẹ́ yìí ti kúrò ní ti òkúta àtijọ́ nìkan. Ní ọdún 1957 ni wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní ìlú Vienna, ní ilẹ̀ Austria, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ agbára átọ̀mù ní gbogbo ayé. Orílẹ̀-èdè Benin wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1999, Togo ní ọdún 2012.

Lẹ́yìn ogun ọdún 1991, àwọn olùbẹ̀wò àjọ yìí rí i pé ìjọba Iraq ti ń fi ẹ̀rọ ńláńlá olóòfà ya 235 sọ́tọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Láti ọdún 1996, àjọ náà wá sọ ọ́ di àṣà láti máa nu nǹkan. Olùbẹ̀wò á mú asọ òwú funfun kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ. Á fi nu tábìlì, á fi nu ẹ̀rọ, á fi nu ògiri. Ẹnì kan lè gbá ilé, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó tún un kùn. Eruku tí ojú kò rí yóò ṣì kù síbẹ̀. Wọ́n á kó asọ náà lọ sí yàrá ìwádìí, wọ́n á sì wọn ohun tó wà lára rẹ̀.

Ní ọdún 2003, irú asọ bẹ́ẹ̀ fi hàn pé yuréníọ̀mù tí 235 inú rẹ̀ pọ̀ gan-an wà ní Natanz, ní ilẹ̀ Iran. Ìjọba Iran sọ pé àwọn kọ́ ni àwọn ṣe é, pé ara ẹ̀rọ àlòkù tí àwọn rà láti òkèèrè ló ti wá. Àjọ náà tún wọ̀n. Wọ́n wọn eruku ara ẹ̀rọ tó ti Pakistan wá pẹ̀lú. Ní ọdún 2005, wọ́n sọ pé ohun tí àwọn rí gbe ọ̀rọ̀ Iran lẹ́yìn lórí èyí tó pọ̀ jù nínú yuréníọ̀mù náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbéèrè mìíràn ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Eruku kan náà ló mú ìfura wá, òun náà ló sì jẹ́rìí sí ohun tí ẹni tí a fura sí sọ. Bí orísun ẹ̀rọ bá ń da átọ̀mù nù, nínú eruku kékeré bẹ́ẹ̀, kí ni yóò kù tí a ó kà? Ẹni tó fi nǹkan pa mọ́ lè mú un jẹ. Ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sì lè jìyà. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń lo gbogbo ọjọ́ ayé wọn lórí okùn irin tí kò gùn tó èékánná, pé kí átọ̀mù méjì di mẹ́ta, kí mẹ́ta di mẹ́wàá.

Ẹ̀yin ará wa, ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú ìtàn yìí kò pọ̀. Bí òṣùwọ̀n bá sọ pé nǹkan kò sí, ẹ má tíì gbà. Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe gbé nǹkan náà lé òṣùwọ̀n. Aston wọn yuréníọ̀mù, kò rí 235, bẹ́ẹ̀ ni 235 wà níbẹ̀. Bí nọ́ńbà bá sì dín díẹ̀, ẹ má sọ pé kò tó nǹkan. Àwọn òṣìṣẹ́ Pierrelatte ì bá ti kọ 7202 sínú ìwé wọn, bí wọ́n ti máa ń kọ ọ́ lójoojúmọ́, kí wọ́n sì lọ sílé. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ 7171, nítorí pé ohun tí wọ́n rí nìyẹn.